Wọ́n Ní Ọkọ Mi Ń Mutí

                                                            Ilé Kejì, Heron Walk,
                                                            Thamesmead East,
                                                            London.
                                                            Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Oyinadé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìléríolúwa ńkọ́, ṣé ó ti jáde ìwé mẹ́wàá báyìí? Mo nígbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti rọlẹ̀, àti pé òjò tí o ní ó ń dà wọ pálọ̀ yín ti dáwọ́ dúró. Níbí, òtútù ti dé. Dára ọmọ wa ní kí n kí ọ. Ó ti ga jù mí lọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àgbàlagbà ní "o" bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí. Ara tèmi le. Ara Dèjì ọkọ mi náà ti ń mókun, òun gan-an ni mo sì torí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ohùn tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ etí tó máa parí sí.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ. Má sẹ́. Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, o béèrè Dèjì, o tún padà béèrè ẹ̀, o wá ń fohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá opó sọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti fi í tó ọ létí. Mo tiẹ̀ fura sí ẹni náà, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ. Ohun tí mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ káàkiri ni pé orí Dèjì dàrú nínú ìsìn, àwọn mìíràn sì ní èmi ni mo fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé dókítà tí a forúkọ sílẹ̀ sí ládùúgbò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí èèyàn bá ti lé ní ogójì ọdún níbí, wọ́n á ní kó wá kí àwọn yẹ ara rẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Èyí gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ta ló ń pe ẹni tí ara rẹ̀ dá wá sílé ìwòsàn? Mo bá Dèjì lọ, kí wọ́n má baà ti ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó rí wa ń jẹ́ Patricia, ọmọ Gánà, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó béèrè nǹkan. O mọ̀ pé mi ò kì í gba irú wọn gbọ́. Ó bi Dèjì bóyá ó ń mu sìgá. Dèjì ní rárá. Ó bi í bóyá ó ń mutí. Kí Dèjì tó la ẹnu ni mo ti dáhùn pé ọmọ ìjọ ni wá, ọtí kì í wọlé wa, kódà bíà tí wọ́n bá fún Dèjì níbi iṣẹ́ nígbà Kérésì, àwọn òyìnbó ló máa ń pín in fún. Patricia tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a sì lọ sílé.

Ká tó mọ̀, wọ́n ti pè. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Dèjì fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń jìyà, kó padà wá. Ìbéèrè ọtí náà ni wọ́n tún bi wá. A tún ní rárá. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún jáde. Oyin, tí wọ́n bá ń bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà léraléra, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ní ìdáhùn tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé sí orúkọ wa. Mo ní bóyá wọ́n tiẹ̀ ti kà á níbì kan pé gbogbo ọkùnrin Nàìjíríà ló ń mutí.

Mo sọ ọ́ fún Mùjídì, ará Ìlọrin tó ń gbé lókè wa, tí òun àti Dèjì jọ ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ilé iṣẹ́ kan ní Belvedere. Mùjídì mi orí títí. "Sister Bísọ́, ẹ má tell wọn anything mọ́ o," ló wí. "Once ó ti wọ computer, ó ti di ti gbogbo ayé." Ó ní ilé dókítà á sọ fún àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, àwọn yẹn á sọ fún ibi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ á sọ fún àwọn tó fún wa ní físà. O sì mọ̀ pé orí físà tèmi ni gbogbo wa wà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe láti ilé dé ilé ló gbé wa dé ìlú yìí. Oorun dá lójú mi. Mo ní wọ́n ti rí aláwọ̀ dúdú tó ń wakọ̀, ọtí ni wọ́n fẹ́ fi lé e kúrò lójú títì.

Ṣùgbọ́n ìfura kì í dúró sójú kan. Nígbà tó yá, mo yí tèmi kọ Dèjì. Mo ní àbí òótọ́ ni? Àbí ó ń mu ún níbi tí ojú mi ò tó? Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wọlé báyìí, màá dì mọ́ ọn kí n lè gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ ń dùn, ó rò pé ìfẹ́ ni. Mo yẹ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ wò, mo yẹ inú bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní Sátidé kan tó ní òun ń lọ sí Woolwich, mo wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé tirẹ̀, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń pàtẹ àpò fóònù ní Beresford Square. Dèjì ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ra ìbọ̀sẹ̀, ó dúró gbọ́ oníwàásù kan tó ń pariwo lẹ́bàá géètì, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ọlọ́jà bi mí bóyá mo fẹ́ ra nǹkan. Ojú tì mí, mo ra àpò tí kò bá fóònù mi mu.

Òórùn tí mò ń gbọ́ lẹ́nu Dèjì ní gbogbo àkókò yẹn kò ju ti agbo jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ lọ. O mọ agbo náà. Màmá rẹ̀ ló di egbò igi rẹ̀ fún un nígbà tí a ń bọ̀, irú èyí tí bàbá rẹ̀ mu títí tó fi kú: egbò nínú ìgò, tí wọ́n da ọtí líle lé lórí kó lè fa agbára rẹ̀ jáde. Níbi tí kò ti sí ògógóró, jíìnì là ń dà sí i. Èmi gan-an máa ń rà á mọ́ ọjà ilé, màá sì kọjú orúkọ ara ìgò náà sínú báàgì, kí ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà rí i kó túmọ̀ ẹ̀ sí nǹkan mìíràn. Ó ń mu ife kan láàárọ̀, ó ń mu ife kan nírọ̀lẹ́. Tí ẹ̀yìn bá ń ro ó lẹ́yìn iṣẹ́, ó lè fi ọ̀kan tàbí méjì lé e. Orí tábìlì ìjẹun ni ìgò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mílò Dára. Ta ló máa pe ìyẹn ní ọtí? Oògùn ni. Èmi mọ ọ̀mùtí. Bàbá òyìnbó kan wà nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, tó jẹ́ pé agolo bíà ni mo máa ń kọ́kọ́ kó nílẹ̀ yàrá rẹ̀ kí n tó rí ibi tí màá fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀mùtí lójú tèmi. Dèjì kì í tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

Nítorí náà, nígbà tí Patricia ní kí a kó gbogbo oògùn tí Dèjì ń lò wá, inú mi dùn. Mo ní wọ́n á rí i lọ́jọ́ náà pé a ò fi nǹkankan pamọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fítámìnì, róòbù, ìgò agbo, gbogbo ẹ̀ ni mo kó sínú báàgì, mo sì tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ. Patricia gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ wíńdò. Kò ṣí i, kò gbóòórùn rẹ̀. Ó kàn bi Dèjì pé, "Egbò inú ẹ̀ yìí, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo wo ìgò náà. Egbò yẹn ti funfun bí pákò tí wọ́n ti rin tán. A kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Bí jíìnì bá ti lọ sílẹ̀, a ó da òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe láti ìgbà tí a ti dé. Patricia ní bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá òun ń ṣe ní Kumasi. Ó ní nígbà tí egbò bá ti dàwọ̀ báyìí, ọtí nìkan ló kù nínú ìgò. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó bi Dèjì bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí tí kò bá mu ún láàárọ̀. Dèjì wo ilẹ̀, ó ní ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n díẹ̀, tí òun bá sì ti mu ún, á dáwọ́ dúró, ìyẹn ni òun fi mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí. Patricia ní kó má ṣe fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ara rẹ̀ ti mọ́ ọn, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní Woolwich á fi rí i, àti pé tó bá ń làágùn, tí gbígbọ̀n náà bá le, ká pe ámbúláǹsì. Ó ní kó má wakọ̀ títí dókítà á fi bá a sọ̀rọ̀. Bó ṣe dárúkọ ọkọ̀ wíwà báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ Mùjídì sọjí lọ́kàn mi. Nọ́ọ̀sì wo ló ń sọ fún aláìsàn pé kó ṣì máa mutí? Mo ní ó fẹ́ kó máa mu ún kí wọ́n lè tún rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, kí ẹjọ́ wọn lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àti pé, tó bá jẹ́ ọtí lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ta ló ń dín ẹ̀ṣẹ̀ kù? Bí a ṣe délé, mo da ìgò orí tábìlì sínú síńkì, mo da èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lé e, mo sì gbàdúrà lé síńkì náà lórí. Dèjì dúró tì mí. Ó kàn ń wo ibi tí omi náà ń gbà lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọjọ́ Àìkú dé. Ó ti ń làágùn kí a tó kúrò nílé, mo ní òtútù ló fẹ́ mú un. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú gbọ̀ngàn kan láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ibi tí ariwo wa kò ti ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí orin ìyìn ṣe ń gbóná, ọwọ́ Dèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gun èjìká, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá kan lẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ rí i, ó ké pé iná ti sọ̀, àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. O mọ Dèjì, kì í jó, kì í kígbe, àwọn kan tiẹ̀ ti ń sọ pé kò tíì gba Ẹ̀mí. Òun ló wá ń gbọ̀n yìí. Inú wọn dùn gan-an. Pásítọ̀ Michael sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òróró, ọkùnrin méjì dúró sẹ́yìn Dèjì láti gbà á tó bá ṣubú, àwọn obìnrin sì ń kí mi kú oríire. Kí n má purọ́ fún ọ, inú tèmi náà dùn díẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi dá àwọn ti ilé dókítà lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú rẹ̀. Kò wo Pásítọ̀, kò wo òkè. Ó ń ṣa nǹkan nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, ó sì ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀. Bàbá tó ti kú láti ìgbà tí a wà ní Pólì. Ẹ̀rù bà mí. Gbígbọ̀n àti òógùn tí Patricia sọ ló padà sí mi lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má pa iná Ẹ̀mí. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo sì yọ fóònù láti pe ámbúláǹsì.

Obìnrin tó gbé ìpè náà béèrè ibi tí a wà, ó béèrè bóyá Dèjì ń mí dáadáa. Mi ò gbọ́ ọ yékéyéké nítorí ariwo, mo bá tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn akọrin dákẹ́. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e, gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ: ṣé ọkùnrin náà máa ń mutí? Pásítọ̀ ń wò mí. Gbogbo wọn ń wò mí, àwọn tó fi èmi àti Dèjì ṣe olórí ẹgbẹ́ tọkọtaya. Mo ro ti físà, mo ro ti láísẹ́ǹsì, mo ro ti orúkọ wa. Mo wá wo Dèjì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mutí," ni mo wí. "Ojoojúmọ́ ló ń mu ún. Èmi ni mo dà á nù lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀."

Gìrì mú un kí wọ́n tó dé, lórí kápẹ́ẹ̀tì iwájú pẹpẹ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan sọ fún mi pé ká ní a fi í sílẹ̀ pẹ́ sí i nínú ìsìn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Ó bi mí ẹni tó ní kó fi ọtí náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní èmi ni. Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Ó ti padà sílé báyìí, ó sì ń lọ sí ìpàdé àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀ ní Woolwich. Patricia máa ń pè wá. Mo ṣì ń tẹ́tí bóyá ọ̀rọ̀ físà á jáde lẹ́nu rẹ̀, kò tíì jáde. Ti láísẹ́ǹsì ṣẹ ní tirẹ̀: Dèjì fúnra rẹ̀ ló fi tó wọn létí, wọ́n ní kó má wakọ̀ fún ìgbà kan ná. Mùjídì ní ṣebí òun wí. Ibi iṣẹ́ fi í sí inú ilé ìkẹ́rùsí, ó ń to ẹrù. Kò tíì sẹ́ni tó lé wa. Mo ṣì ń retí ẹni tó máa lé wa, o mọ̀ mí.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká sinmi díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tọkọtaya. Àwọn kan kì í jókòó sí ìlà wa mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Àwọn kan náà ló ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ara Dèjì, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní egbò tó wà nílé tiwọn ńkọ́, tó bá ti pẹ́ nínú jíìnì, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? Ìyàwó Pásítọ̀ wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ Patricia ni mò ń darí gbogbo wọn sí. Ìwọ náà, má bínú sí mi, yọjú wo ìgò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yín.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá. Sọ fún Ìléríolúwa pé mo ti rí bàtà tó ní kí n wá fún òun. Kí ẹni tó pè ọ́ náà fún mi, kó mọ̀ pé mo mọ̀.

Mi ò lè pa lẹ́tà yìí dé láìsọ ti àná. Láti ìgbà tí Dèjì ti kúrò ní ọsibítù ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò dùn mọ́ ọn mọ́, ó ti mọ ohun tí mò ń wá. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé ọwọ́ mi kúrò lọ́rùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Bísọ́, please, tó o bá fẹ́ mọ̀, bi mí." Inú bí mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sùn. Àná ni mo wá bi í, lẹ́yìn oúnjẹ, lójú Dára. Mo ní, "Daddy Dára, ṣé o mutí lọ́sẹ̀ yìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mu ife kan níbi ọjọ́ ìbí ẹnì kan níbi iṣẹ́, òun sì ti sọ ọ́ nínú ìpàdé. Mo rò pé màá pariwo. Ṣùgbọ́n Oyin, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ti dókítà, ti pásítọ̀, ti Mùjídì, òun ni àkọ́kọ́ tí mi ò fura sí. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, Dára sì kó abọ́ kúrò nílẹ̀ fún wa.

                                                            Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ látijọ́,
                                                            Adébísọ́lá.